Ní Ṣọ́ọ̀bù Oní-fóòmù

Láti òkèèrè ni ẹ ó ti mọ ṣọ́ọ̀bù oní-fóòmù. Kò sí ọjà mìíràn lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì tó fẹ̀ tó o, tó sì tún fúyẹ́ tó o. Láàárọ̀, kí oòrùn tó mú, ni ọmọ ìṣọ́ọ̀bù á ti máa kó wọn jáde lọ́kọ̀ọ̀kan. Á gbá èyí tó ga jù ú lọ mọ́ àyà, ojú rẹ̀ á bọ́ sẹ́yìn fóòmù, á wá máa fi àtẹ́lẹsẹ̀ wá ọ̀nà nítorí pé kò rí iwájú mọ́. Á fi wọ́n ti ògiri lóòró, àwọn ńláńlá lẹ́yìn, àwọn kéékèèké níwájú. Tó bá fi máa di agogo mẹ́sàn-án, ọ̀rá tí wọ́n fi wé wọn á ti máa kọ mọ̀nà, eruku Ring Road n'Ìbàdàn á sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í bà lé e. Pupa ń bẹ níbẹ̀, búlúù ń bẹ, aláwọ̀ eérú ń bẹ. Àwọn kan lódòdó lára, àwọn kan ní ìlà gbọọrọ bíi ti aṣọ òkè. Lẹ́sẹ̀ gbogbo wọn ni ẹ ó ti rí àwọn pẹlẹbẹ tí àwọn ọmọ iléèwé ń rù lọ sí ilé ìgbé wọn, èyí tí fífẹ̀ rẹ̀ kò ju ẹsẹ̀ bàtà méjì ààbọ̀ lọ, tí wọ́n ká bí ẹní, tí wọ́n sì fi okùn dì nídìí.

Inú ṣọ́ọ̀bù dákẹ́ ju ìta lọ. Fóòmù a máa gbé ariwo mì, nítorí náà fèrè ọkọ̀ Micra àti igbe àwọn agbèrò kì í wọlé tagbáratagbára. Òórùn kan wà níbẹ̀ tí kì í sí níbòmíràn: kẹ́míkà díẹ̀, ọ̀rá díẹ̀, aṣọ tí a kò tíì fọ̀ rí díẹ̀. Wọ́n to fóòmù lé ara wọn títí kan àjà lọ́tùn-ún lósì, ọ̀nà tóóró kan ṣoṣo ló kù láàárín tí oníbàárà lè gbà. Lára ọ̀kọ̀ọ̀kan ni wọ́n kọ ìwọ̀n rẹ̀ sí: 6 × 6 × 10, 4½ × 6 × 8, 3½ × 6 × 6. Méjì àkọ́kọ́ jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà, ìkẹta jẹ́ íǹṣì. Àwọn nọ́ńbà yìí lẹ́nu gbogbo èèyàn gbà. Ẹ ó gbọ́ tí oníbàárà á wọlé pé, "Alhaja, ẹ káàsán o. Èló ni síìsì-báì-síìsì, tẹ́ǹ íǹṣì?" Nọ́ńbà kẹrin wà tí ó níyì ju mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lọ, ṣùgbọ́n ẹni tó ń béèrè rẹ̀ kò wọ́pọ̀. Ìwúwo ni, èyí tí àwọn olùtajà ń pè ní dẹ́ńsítì.

Ẹ jẹ́ ká wo ohun tí fóòmù jẹ́. Bí a bá pín in sí ọ̀nà ọgọ́rùn-ún, ó ju márùndínlọ́gọ́rùn-ún lọ tó jẹ́ afẹ́fẹ́ tó wà nínú àwọn ihò tíntìntín. Ìyókù tí kò tó nǹkan ni ohun bíi rọ́bà tó so àwọn ihò náà pọ̀, òun sì ni ó ń gbé èjìká, ẹ̀yìn àti ìbàdí wa dúró láti alẹ́ dòwúrọ̀. Dẹ́ńsítì ló ń sọ bí ohun bíi rọ́bà yìí ti pọ̀ tó. Fóòmù tó jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà níbùú lóòró, tí ó ga ní íǹṣì 10, bí wọ́n bá ṣe é ní kílógíráàmù 20 fún mítà kíúbíkì kan, inú rẹ̀ á wọn bíi kílógíráàmù 17. Bí wọ́n bá ṣe èkejì ní kílógíráàmù 30 fún mítà kíúbíkì kan, ìwọ̀n kan náà, gíga kan náà, á wọn bíi kílógíráàmù 25. Ojú kò lè ya àwọn méjèèjì sọ́tọ̀, pàápàá tí aṣọ kan náà bá wà lára wọn. Apá á yà wọ́n sọ́tọ̀ kíá. Ìdí nìyẹn tí mo fi máa ń rọ ẹni tó bá bi mí pé kó kọ́kọ́ sọ fún ọmọ ìṣọ́ọ̀bù pé kí àwọn méjèèjì jọ gbé fóòmù náà sókè. Fóòmù fífúyẹ́ kì í pẹ́ kó tó jìn wọ̀ǹgbọ̀n láàárín, níbi tí ìdí ń gbé gbogbo òru, nítorí pé ohun tó di àwọn ihò rẹ̀ mú kò nípọn.

Líle yàtọ̀ sí ìwúwo, ibí yìí gan-an ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣì í mú. Oníkẹ́míkà lè ṣe fóòmù fífúyẹ́ kó le gbagidi, ó sì lè ṣe èyí tó wúwo kó rọ̀ lábẹ́ ọwọ́. Nítorí náà, ẹni tó tẹ fóòmù tí ó rí i pé ó le, tó wá sọ pé "èyí á pẹ́", ohun tí kò rí ni ó ń jẹ́rìí sí.

Kí fóòmù tó dé ọ̀dọ̀ wa, ẹní la tẹ́. Ẹni tó bá rí jájẹ a máa ní tìmùtìmù tí wọ́n ki òwú àràbà sí, òwú fúláfúlá tó máa ń bú jáde lára èso igi náà nígbà ẹ̀rùn. Àwọn mìíràn ki koríko gbígbẹ sínú àpò. Tìmùtìmù oní-òwú dùn sùn nígbà tó bá ṣì tuntun, ṣùgbọ́n òwú rẹ̀ a máa dì kókó-kókó, àfi kí wọ́n gbé e sóòrùn kí wọ́n sì tú u ká. Ìdun náà sì fẹ́ràn ojú rírán rẹ̀.

Ní 1937, ní ìlú Leverkusen ní ilẹ̀ Jámánì, ni Otto Bayer àti àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ rí ọ̀nà láti ṣe ohun tí a wá ń pè ní polyurethane. Nígbà tó yá ni wọ́n mọ bí a ṣe ń ṣe irú rẹ̀ tó rọ̀, tó ṣeé sùn lé. Nílé iṣẹ́, kẹ́míkà olómi méjì, polyol àti TDI, ni wọ́n ń pò pọ̀ mọ́ omi díẹ̀. Bí TDI bá ti kan omi, afẹ́fẹ́ á jáde, àpòpọ̀ náà á hó, á sì bẹ̀rẹ̀ sí í wú lójú ẹni bí ìyẹ̀fun búrẹ́dì tí wọ́n fi ìwúkàrà sí, àmọ́ láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀ ni tirẹ̀. Á di odindi gbọ̀ngbọ̀n ńlá. Inú rẹ̀ á gbóná débi pé wọ́n ní láti fi í sílẹ̀ fún bí ọjọ́ kan kó tutù, kó sì gan, kí wọ́n tó fi abẹ ẹ̀rọ gé e pẹlẹbẹ-pẹlẹbẹ sí gíga tí oníbàárà ń fẹ́.

Nítorí pé afẹ́fẹ́ ló pọ̀ jù nínú rẹ̀, kò bọ́gbọ́n mu kí wọ́n máa kó fóòmù láti òkè òkun wá. Inú ọkọ̀ ojú omi á kún, ẹrù ibẹ̀ kò ní í wọn nǹkan kan. Ó ti pẹ́ tí a ti ń ṣe tiwa nílé. Vitafoam ti wà n'Íkẹjà láti 1962. Mouka bẹ̀rẹ̀ ní Kánò ní 1959, nídìí ṣíṣe àga àti tábìlì, kó tó di ti fóòmù. Kẹ́míkà tí wọ́n ń lò ni ó ń ti ìlú òkèèrè wá, dọ́là ni wọ́n sì fi ń rà á. Nígbà tí ìjọba tú náírà sílẹ̀ ní oṣù Kẹfà 2023, tí dọ́là gbówó lórí, kò pẹ́ tí ẹni tó fẹ́ ra fóòmù fún ìyàwó tuntun fi rí i lára iye tí wọ́n pè fún un. Láti ìgbà náà ni ọ̀pọ̀ ti ń fi owó àjọ ra fóòmù, tàbí kí wọ́n san án díẹ̀díẹ̀ lọ́wọ́ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù níbi iṣẹ́ wọn. Ìdí kan nìyẹn tó fi yẹ ká fara balẹ̀ rà á: ohun tí a fi owó oṣù mélòó kan rà kò yẹ kó jẹ́ pé ìṣẹ́jú mẹ́ta la fi yẹ̀ ẹ́ wò.

Mo jókòó sínú irú ṣọ́ọ̀bù bẹ́ẹ̀ kan lọ́jọ́ Sátidé kan, ọwọ́ àwọn èèyàn ni mò ń wò. Gbẹ́nàgbẹ́nà kan wọlé, ó di ẹ̀ṣẹ́, ó sì fi oríkèé ìka gún fóòmù ní ẹ̀ẹ̀kan, ó mi orí. Ọmọbìnrin kan tí ìgbéyàwó rẹ̀ ti súnmọ́lé, tí làálì ṣì pupa lọ́wọ́ rẹ̀, la àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ lé e, ó fi pa á lára, ó ń wo òdòdó ara aṣọ. Ìyá àgbà kan fi ìgbọ̀nwọ́ tẹ̀ ẹ́, ó dá a dúró síbẹ̀, ó ń retí kó bọ̀ sípò nígbà tí ó bá gbé e kúrò. Nínú gbogbo àwọn tó wá, òun ló mọ ohun tí ó ń wá, nítorí pé fóòmù tó lè gbé ara rẹ̀ dìde kánkán lẹ́yìn tí a tẹ̀ ẹ́ ni ó ṣì ní okun nínú. Ọmọ iléèwé kan jókòó sí etí rẹ̀, ó fò díẹ̀, ó rẹ́rìn-ín, ó dìde. Ọmọ ìṣọ́ọ̀bù fúnra rẹ̀ bọ́ bàtà, ó dúró lórí fóòmù, ó ń fẹsẹ̀ janlẹ̀: "Bọ̀dá, ẹ wò ó, kò mì!" Ó ṣe é bí ẹni tó dá a lójú. Àmọ́ àtẹ́lẹsẹ̀ ènìyàn tó dúró kò sọ nǹkan kan nípa èjìká ẹni tó fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀.

Ó pẹ́ kí n tó rí ẹnì kan tó dùbúlẹ̀.

Tọkọtaya kan ló wá ní ọ̀sán. Àwọn méjèèjì ti ń darúgbó. Ẹ̀yìn ń dun ìyá náà, ẹnì kan sì ti sọ fún wọn pé èyí tí wọ́n kọ orthopaedic sí lára ni kí wọ́n rà, pé bí ó bá ṣe le tó ni ó ṣe dára fún ẹ̀yìn tó. Alhaja tó ni ṣọ́ọ̀bù fi í hàn wọ́n. Bàbá fọwọ́ tẹ̀ ẹ́, ọwọ́ kò wọlé. Inú wọn dùn, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ná an.

"Mọ́mì," ni Alhaja wí, "ẹ gun orí ẹ̀, ẹ dùbúlẹ̀ ẹ wò."

"Níta gbangba báyìí? Kí n wá nà gbalaja lójú ayé?"

"Kò síta níbí, ma. Ẹ jẹ́ n fa kọ́tìnì. Bí ẹ ṣe ń sùn nílé ni kí ẹ sùn."

Ìyá wo ọkọ rẹ̀. Ọkọ ní, "Ìwọ lo máa sùn lé e. Dùbúlẹ̀." Wọ́n fa aṣọ bo ẹnu ọ̀nà. Ìyá tún ìró rẹ̀ wé dáadáa, ó bọ́ sálúbàtà, ó sì fẹ̀gbẹ́ ọ̀tún lélẹ̀, nítorí pé bẹ́ẹ̀ ni ó ṣe ń sùn. Ó dákẹ́. Alhaja kò sọ̀rọ̀, ó fi í sílẹ̀, ó lọ dá oníbàárà mìíràn lóhùn. Nígbà tó pẹ́ díẹ̀, ìyá ní, "Ó ń dùn mí léjìká. Apá mi ń kú." Wọ́n gbé òmíràn sílẹ̀ fún un, èyí tí kò le tó o, tí ó sì wúwo. Ó sùn lé ìyẹn náà, ó yí ẹ̀gbẹ́ padà, ó fẹ̀yìn lélẹ̀. Ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ bọ abẹ́ ìbàdí. Ìkejì yìí ni wọ́n gbé lọ, owó rẹ̀ sì kéré sí ti àkọ́kọ́.

Ọ̀rọ̀ pé fóòmù tó le jù ló dára jù fún ẹ̀yìn ti wọ̀ wá lára, kò sì tọ̀nà. Ní 2003, ìwé ìròyìn ìṣègùn The Lancet tẹ iṣẹ́ kan jáde tí Francisco Kovacs àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe ní ilẹ̀ Spéènì. Wọ́n mú àwọn àgbàlagbà 313 tí ẹ̀yìn ìsàlẹ̀ ti ń dùn fún ọjọ́ pípẹ́, wọ́n pín fóòmù líle fún àwọn kan, wọ́n fún àwọn yòókù ní èyí tí kò le jù tí kò sì rọ̀ jù, wọn kò sì jẹ́ kí wọ́n mọ èyí tí ó kan wọ́n. Lẹ́yìn 90 ọjọ́, àwọn tó sùn lórí èyí tó wà láàárín ni ara tù jù lọ. Ohun tó fà á kò ṣòro láti rí lára ara wa. Ẹni tó fẹ̀gbẹ́ sùn, èjìká àti ìgbaròkó rẹ̀ ló gbé gbogbo ẹrù. Bí fóòmù bá le bí pákó, kò ní í gbà kí wọ́n wọlé díẹ̀, ìbàdí á wá máa ṣe bí afárá tí nǹkan kan kò gbé láàárín. Bí ó bá sì rọ̀ ju bó ti yẹ lọ, ìdí á rì, ọ̀pá ẹ̀yìn á tẹ̀. Ẹni tó sanra á tẹ fóòmù kan náà wọlé ju ẹni tó tẹ́ẹ́rẹ́ lọ, nítorí náà fóòmù tí aládùúgbò yín ń yìn lè má bá yín lára mu rárá. Tí ẹ bá fẹ̀yìn lélẹ̀, tí ọwọ́ yín kọjá lábẹ́ ìbàdí fàlàlà, ó ti le jù fún yín. Tí ọwọ́ kò bá ráyè wọlé rárá, tí ó sì ṣòro fún yín láti yí ẹ̀gbẹ́ padà, ó ti rọ̀ jù. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá tó fún ara láti sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n ìṣẹ́jú kan kò tó.

Ẹ má sì rò pé àwọn oníṣọ́ọ̀bù á bínú. Èyí tó bá ń bínú nítorí pé oníbàárà fẹ́ dùbúlẹ̀, ó mọ nǹkan tó ń tà. Ìborùn kan tí ẹ mú láti ilé, kí ẹ tẹ́ ẹ sórí ọ̀rá, ó ti tó láti bọ̀wọ̀ fún ọjà wọn.

Aṣọ ara fóòmù náà ní ọ̀rọ̀ tó ń sọ. Ẹ wo etí rẹ̀ níbi tí wọ́n ti rán òkè mọ́ ìgbátí ẹ̀gbẹ́: ojú rírán tó dára a máa ṣe déédéé yípo, kò ní í fò, òwú kò ní í yọ ṣákáṣàka. Ẹ fi ọwọ́ pa gbogbo ìbú rẹ̀ láti òkè aṣọ, ẹ tẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn. Bí ẹ bá bá ìlà tó ga tàbí tó jìn pàdé, àlẹ̀mọ́ ni inú rẹ̀, wọ́n fi gọ́ọ̀mù so èékù pọ̀ kó lè di odindi. Èyí yàtọ̀ sí èyí tí àwọn ilé iṣẹ́ ńlá ń fi èékù fóòmù lílọ̀ ṣe, tí wọ́n tẹ̀ pọ̀ mọ́ra nínú ẹ̀rọ; ìyẹn wúwo, ó le, aláwọ̀ mèremère ni inú rẹ̀, wọn kì í sì í fi pamọ́. Ohun tó burú ni ayédèrú, tí wọ́n rán aṣọ tó dà bíi ti ilé iṣẹ́ olókìkí bo fóòmù jákujàku tàbí fóòmù àlòkù. Lébẹ́ẹ̀lì ayédèrú sábà máa ń ní lẹ́tà kan tó ṣì, tàbí kí àwọ̀ rẹ̀ ṣá. Ẹ wá àmì MANCAP, èyí tí SON, àjọ tó ń rí sí ojúlówó ọjà, ń fún ọjà tí a ṣe ní Nàìjíríà bó bá ti yege nínú àyẹ̀wò wọn. Ẹ béèrè rìsíìtì tí orúkọ ṣọ́ọ̀bù àti ìwọ̀n fóòmù wà lára rẹ̀. Bí wáràńtì bá wà, ẹ kà á níbẹ̀, kí ẹ mọ bí fóòmù ṣe gbọ́dọ̀ jìn tó kí wọ́n tó gbà pé àbùkù ni. Ẹ mú téèpù dání pẹ̀lú, kí ẹ wọn gíga rẹ̀ fúnra yín.

Orí íńtánẹ́ẹ̀tì ni ọ̀pọ̀ àwọn ọ̀dọ́ ti ń ra tiwọn báyìí, mo sì rí ìdí rẹ̀. Ẹni tó ń ti ibi iṣẹ́ dé ní agogo mẹ́jọ alẹ́ kò lè máa rìn káàkiri ṣọ́ọ̀bù. Lórí Jumia tàbí Jiji, ó lè fi owó ogún fóòmù wé ara wọn láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, ìyẹn sì dára púpọ̀. Ṣùgbọ́n àwòrán fóòmù jọ ara wọn: yàrá funfun, ìrọ̀rí méjì, ìmọ́lẹ̀ láti ojú fèrèsé. Àwòrán kò wúwo. Èyí tí wọ́n fún pọ̀ sínú ọ̀rá bí ẹní kíká, tí wọ́n gbé dé ẹnu ọ̀nà yín, máa ń gba àkókò kó tó wú dé gíga rẹ̀, nítorí náà kì í ṣe lójú ẹsẹ̀ ni ẹ ó mọ bó ṣe rí. Ọ̀rọ̀ ìyìn tí àwọn tó ti rà á ń kọ sábẹ́ rẹ̀, púpọ̀ nínú wọn ni wọ́n kọ lọ́jọ́ kejì tí wọ́n rà á, bẹ́ẹ̀ sì rèé, lẹ́yìn oṣù mélòó kan ni fóòmù burúkú ń fi ara rẹ̀ hàn. Bí ó bá jẹ́ èmi, ibi tí màá ti mọ iye owó ni íńtánẹ́ẹ̀tì; màá wá lọ sí ṣọ́ọ̀bù láti dùbúlẹ̀. Bí wọ́n bá ń ta irú kan náà tí mo ti sùn lé ní owó tó dínkù lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, màá rà á níbẹ̀ láìsí ìbẹ̀rù.

Ẹni tó bá ti rà á láìrí i, kó mọ̀ pé òfin wà lẹ́yìn òun. Òfin ìdíje àti ìdáàbòbò oníbàárà ti 2018, ní abala 122, sọ pé ẹni tí kò ní àǹfààní láti yẹ ọjà wò kí wọ́n tó gbé e dé lè kọ̀ ọ́ láàárín àkókò tó bójú mu, kó sì gba owó rẹ̀ padà. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹni tó ti sọ ohun tó fẹ́ fi ọjà ṣe fún olùtajà, tí ọjà náà kò wá ṣe é fún un. Nítorí náà ẹ sọ ọ́, kí ẹ sì kọ ọ́ ránṣẹ́ lórí fóònù: "Ẹ̀yìn ń dùn mí, mo fẹ́ fóòmù tó máa gbà á." Ọ̀rọ̀ tó wà lákọọ́lẹ̀ ló ṣeé fi jà.

Bí ẹ bá ti rà á tán, ọ̀nà ilé kù. Ní Ìbàdàn, orí Micra ni wọ́n sábà máa ń gbé e lé. Awakọ̀ á fi okùn gba inú ọkọ̀ kọjá láti fèrèsé sí fèrèsé, fóòmù á wá yọ síwájú sẹ́yìn ju ọkọ̀ fúnra rẹ̀ lọ. Atẹ́gùn a máa gbá a sókè bí ọkọ̀ bá sáré, nítorí náà ni ẹ ṣe ń rí èrò tó yọ apá síta tó dì í mú. Ẹ má gbà kí wọ́n ṣẹ́ fóòmù tó nípọn sí méjì kí wọ́n sì fi okùn fún un pinpin. Ibi tó ṣẹ́ lè má padà sípò dáadáa. Tí òjò bá ṣú, ẹ dúró. Fóòmù tó bá mu omi kì í tètè gbẹ nínú, ó sì máa ń bu.

Nílé, ọ̀rá tí wọ́n fi wé fóòmù gbọ́dọ̀ kúrò. Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ ìdílé fi í sílẹ̀ títí yóò fi ya fúnra rẹ̀, kí ìtọ̀ ọmọdé má bàa wọlé, kí fóòmù lè máa jẹ́ tuntun. Lóru oṣù Kẹta tí iná ti lọ, tí fáànù ti dúró, ọ̀rá yẹn ló ń jẹ́ kí ẹ̀yìn wa tutù fún òógùn, tí a fi ń dìde lọ tẹ́ ẹní sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ìhò inú fóòmù ni afẹ́fẹ́ ń gbà, ọ̀rá sì ti dí i pa. Fún àwọn ọmọdé, ẹ ra aṣọ tí omi kì í wọ̀ tí wọ́n ń tẹ́ sórí fóòmù, tí ẹ lè fọ̀ kí ẹ sì sá. Ẹ sì máa yí fóòmù padà látìgbàdégbà, kí ibi orí di ibi ẹsẹ̀. Bí igi ibùsùn bá ní àlàfo tó fẹ̀ láàárín pákó ìsàlẹ̀, ẹ jẹ́ kí gbẹ́nàgbẹ́nà fi pákó kún un, torí pé fóòmù tó dára jù lọ á jìn wọ inú àlàfo náà.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ra fóòmù ránṣẹ́ sí òbí yín nílé, ẹ̀yin ni mo ní lọ́kàn jù lọ. Ìfẹ́ ló ń mú kí ẹ ra èyí tó ga jù nínú ṣọ́ọ̀bù, íǹṣì 14 tàbí 18, kí ìyá yín lè mọ̀ pé ọmọ òun rántí òun. Ẹ gbé e lé igi ibùsùn, ó wá ga débi pé ẹsẹ̀ ìyá kò kan ilẹ̀ mọ́ tó bá jókòó sí etí rẹ̀. Lóru tó bá fẹ́ lọ tọ̀, àfi kó máa yọ̀ sílẹ̀, kó sì máa fi ọwọ́ wá ògiri nínú òkùnkùn. Kí ẹ tó ra nǹkan kan, ẹ pe ẹni tó wà lọ́dọ̀ wọn nílé, kó fi téèpù wọn láti ilẹ̀ dé oríkèé orúnkún ìyá tàbí bàbá nígbà tí wọ́n bá jókòó, kó sì wọn gíga igi ibùsùn wọn. Fóòmù àti igi ibùsùn lápapọ̀ kò gbọ́dọ̀ fi bẹ́ẹ̀ ju oríkèé orúnkún lọ. Bí wọ́n bá sì lè rìn, ẹ mú wọn dání lọ sí ṣọ́ọ̀bù, kí ẹ ní kí wọ́n fa kọ́tìnì, kí ẹ sì jẹ́ kí wọ́n dùbúlẹ̀ lé e kí ẹ tó sanwó.